Bàbá Kò-Gbà àti Ọmọ Tí Kò Mu Mílíìkì

Gbogbo àdúgbò Akébé ní Libreville ló mọ ọjọ́ tí Bàbá Buraimoh ná òṣùwọ̀n. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ra òṣùwọ̀n o. Ìwúwo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ná.

Ọdún kejì tí Gabon gba òmìnira ni, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyá tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ìta. Léontine, nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ọmọ, gbé Ọmọlará sínú àwo òṣùwọ̀n, ó ti irin rẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó sì mi orí.

"Kílò mẹ́jọ péré," ló wí. "Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan àtààbọ̀! Kò tó, Papa."

Bàbá ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, bó ti máa ń ṣe bí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀. "Mẹ́jọ kẹ̀? Kò gbà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́wàá."

"Òṣùwọ̀n ló sọ bẹ́ẹ̀, Papa. Èmi kọ́."

"Mo gbọ́. Òun ti sọ tiẹ̀, èmi náà ń sọ tèmi. Ibi tí a bá ti pàdé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Mẹ́sàn-án àbọ̀."

"Wọn kì í ná òṣùwọ̀n!"

"Ó dáa, mẹ́sàn-án géérégé. Ojú yín ni mo wò o. Ẹlòmíràn kò lè rí i gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Àwọn ìyá tó wà lórí ìlà ti ń fi aṣọ bo ẹnu. Bàbá ò wo ẹnì kankan. Ó kẹ̀yìn sí Léontine, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí oníbàárà tó fẹ́ kí ọlọ́jà pe òun padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é. Ó jáde síta, ó dúró, ó wúkọ́, kò sẹ́ni tó pè é. Nígbà tó yá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wọlé, nítorí ọmọ ṣì jókòó sórí òṣùwọ̀n, ó ń wò ó.

Léontine ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Papa, ẹ gbọ́ mi. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó gbé e padà wá. Bí kò bá wúwo sí i, a ó dá a dúró sí ọsibítù. Rọ́bà la ó kì bọ̀ ọ́ nímú, ibẹ̀ la ó sì máa gbà da mílíìkì sí i nínú."

Bàbá gbé ọmọ náà jáde. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ilé lọ́jọ́ náà, ọmọ sì wà léjìká rẹ̀. Takisí ń dúró fún un lójú ọ̀nà, kò ná ẹyọ kan.

Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Kí Ọlọ́run forí jì í, Bàbá Buraimoh kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìná an. Ọmọ Ṣakí ni, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Libreville nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń pàṣẹ níbẹ̀. Bí oníbàárà bá dá iye lé ọjà rẹ̀, "Kò gbà!" ni yóò kọ́kọ́ wí, ì báà jẹ́ pé iye tó tọ́ gan-an ni onítọ̀hún dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Kò-Gbà. Ó ti ná ìmáàmù rí pé kó gé wáàsù kúrú nítorí oòrùn. Lọ́jọ́ òmìnira, tí gbogbo ìlú ń jó, ó dúró ti ọkùnrin tó ń ta àsíá, ó ní àwọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹnì kan: bí òun bá fi àwọ̀ búlúù sílẹ̀ fún un ńkọ́, èló ni yóò gbà?

Kí ni ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ń tà? Mílíìkì ni. Mílíìkì alágolo, èyí tó ki àti èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tí ó tò jọ láti ilẹ̀ dé òrùlé ìsọ̀. Gbogbo ọmọ Akébé ló ń mu mílíìkì Bàbá Kò-Gbà, àfi ọmọ tó wà nílé rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Sìkírátù, ọmọ Bàbá, ló bí Ọmọlará. Àlàó ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń gé igi òkúmé, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ibà gbé Sìkírátù ṣánlẹ̀ nígbà tí ọmọ kò tíì rìn, ọmú sì gbẹ. Bàbá ní kò sí wàhálà, ó gbé ọmọ lọ sí ìsọ̀, ó tẹ́ aṣọ sínú páálí mílíìkì kan, ó fi í síbẹ̀. Inú páálí yẹn ni ọmọ dàgbà sí, etí rẹ̀ sì wà ní ẹnu bàbá àgbà rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀, kò pe ìyá, kò pe bàbá. Ó wo oníbàárà kan lójú, ó ní:

"Kò gbà!"

Ha! Inú Bàbá dùn débi pé ó kiri gbogbo ọjà, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún oníbàárà náà ní èènì.

Ẹ̀rín dópin lọ́jọ́ tí wọ́n bu mílíìkì sínú ife fún un. "Kò gbà!" Wọ́n fi ṣúgà sí i. "Kò gbà!" Wọ́n fi oyin sí i, wọ́n dà á sínú ẹ̀kọ, wọ́n fi se ìrẹsì. Ọmọ náà yóò ti ahọ́n jáde díẹ̀ báyìí, yóò tọ́ ọ wò bí ìyá olóúnjẹ tó ń yẹ epo wò, yóò sì tu ú dànù. Apá rẹ̀ ń tínínrín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọlé. Sìkírátù kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ ohun tó ń rò, nítorí ó ti bí ọmọ kan ṣáájú Ọmọlará, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyẹn náà ṣe gbẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lọ.

Bàbá ní àpẹẹrẹ ni ọmọ nílò. "Kó rí i pé àgbà ń mu ún. Kí ló lè ṣe?"

Ẹ̀yin èèyàn, ọkùnrin yìí tó ti ń ta mílíìkì láti ọjọ́ pípẹ́, kò tọ́ mílíìkì wò rí. Ó ní ọlọ́jà kì í jẹ ọjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó síwájú ọmọ, ó lu agolo kan, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá. Ó lá ẹnu. "Ó dùn, Ọmọlará! Ó dùn bí oyin! Wò mí, wo bí ara mi..." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já. Ó di ikùn mú. Ó dìde. Ó fi ọwọ́ kan gbá ṣòkòtò mú, ó sáré lọ sí ṣálángá ẹ̀yìn ilé, ó dé, ó jókòó, ó tún sáré padà síbẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀nà ṣálángá kò sinmi. Ọmọlará wo bàbá àgbà rẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ, ó wo agolo tó ṣófo, ó sì mi orí bí ìyá àgbà. "Kò gbà," ló wí.

Ẹ wá rí i pé nígbà tí Léontine dárúkọ rọ́bà, kì í ṣe ẹni tó káwọ́ lẹ́rán ló ń bá wí. Bàbá padà sílé, ó rò fún Sìkírátù. Sìkírátù bú sẹ́kún. Ó ní bí wọ́n bá ti dá ọmọ òun dúró síbẹ̀ yẹn, òun ò ní gbé e padà wálé mọ́, òun mọ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá dìde. "Ìyá Ọmọlará, nu ojú rẹ. A ò tíì ná ọ̀rọ̀ yìí tán."

Ní ọjọ́ kejì, kò ṣí ìsọ̀. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Léontine rí i lókèèrè, ó gbé ọwọ́ sókè. "Papa, òṣùwọ̀n kò tíì yí ohùn padà o!"

"Kì í ṣe òṣùwọ̀n ni mo bá wá, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ni. Kí ló wà nínú mílíìkì gan-an?"

Léontine wò ó. "Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á?"

"Agolo ni mo ń tà. N kò mọ inú rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ó ní ohun tó ń kọ́ ẹran ara wà níbẹ̀, ohun tó ń mú eegun le wà níbẹ̀, ọ̀rá tó ń fún ọmọ lágbára náà sì wà níbẹ̀.

"Ẹ̀hẹ́n!" Bàbá ti fìlà sẹ́yìn. "Ẹrù àdìpọ̀ ni mílíìkì nígbà náà. Ẹ tú u fún mi. Bí ọmọ mi ò bá ra odidi, ẹ jẹ́ kí n bá a kó o ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, tí a lọ̀ tòun teegun rẹ̀, ṣé ẹ ó gbà á fún ti eegun?"

Léontine ronú díẹ̀. "Mo gbà á. Kó sáà kúnná."

"Ẹyin?"

"Mo gbà á. Kó jinná dénú."

"Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sè é, tí a gún un?"

"Mo gbà á."

"Ẹ̀pà?"

"Ẹ lọ̀ ọ́ títí yóò fi yọ òróró. Bí ẹ bá fún un ní hóró, yóò há a lọ́fun."

"Ewé ẹ̀gẹ́?"

"Kó pẹ́ lórí iná. Kí ẹ sì bu epo sí i."

Bàbá rí i pé ọjà ń lọ dáadáa, ló bá fẹ́ jẹ èrè díẹ̀. "Omi ìrẹsì ńkọ́? Òun náà funfun bíi mílíìkì."

"Ìyẹn kò gbà, Papa!"

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní nọ́ọ̀sì mọ́. "Ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi" ló ń pè é.

Bí ó ṣe ń lọ, Léontine kígbe tẹ̀lé e: "Díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́! Ikùn ọmọdé kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n oṣù tó ń bọ̀ sì wà níbẹ̀ o!"

Ilé Bàbá Kò-Gbà bá di ilé ọlọ. Sìkírátù ń lọ ẹja, Bàbá ń bó ẹ̀wà, òun tó jẹ́ pé kò wọ ilé ìdáná rí àfi láti béèrè pé kí ló dé tí oúnjẹ pẹ́. Wọ́n se é, wọ́n gún un, epo ń dán lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Wọ́n gbé e síwájú Ọmọlará.

"Kò gbà!"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọrin fún un. Bàbá jó, òun pẹ̀lú orókún rẹ̀ tó ń dún. Ìyá rẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ó ń fún ètè pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá báyìí, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù ju ọmọ lọ.

Victorine ló tú wọn sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti Bàbá. Ó ń ta atanga, èso dúdú kan tí wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, tí inú rẹ̀ lọ́ràá bíi ti píà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìbànújẹ́ mú Bàbá, ó ra atanga tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ń fi iyọ̀ jẹ ẹ́. Ebi wá pa Victorine alára.

"Papa, dá ọ̀kan padà fún mi."

"Kò gbà. O ti tà á."

"Ọ̀kan ṣoṣo! Èmi ni mo sè é!"

"Èmi ni mo rà á! N kò tà á, n kò fi tọrẹ, má tilẹ̀ wò ó!"

Wọ́n ń pariwo lọ báyìí nígbà tí nǹkan mì nínú páálí. Ọmọlará ti dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ ń ràn bí iná. "Tèmi! Tèmi!"

"Kò sí tìẹ níbẹ̀," ni Bàbá wí láìronú, nítorí ìjà ṣì wà lára rẹ̀.

Ọmọ náà figbe ta. Ó já èso náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó jẹ òmíràn, ó sì wo Victorine bí ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Bàbá dìde dúró láàárín ọjà, ó fi ọwọ́ lérí. "Ọmọ ọjà ni! Yéè, ọmọ ọjà ni mo tọ́! Victorine, ọjà tí ọlọ́jà bá ń bẹ̀ ọ́ pé kí o rà, kí lo máa ń rò?"

"Pé ó ti bàjẹ́."

"A ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá bí ẹni tó ń ta ẹja jíjẹrà!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dojú páálí dé ilẹ̀, ó to àwo kéékèèké lé e: ẹ̀wà tí a fi ẹja lílọ̀ pò, ẹyin sísè, atanga, ẹ̀pà lílọ̀ nínú ẹ̀kọ. Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọ̀run. Ọmọlará sún mọ́ ọn. Bàbá ò wò ó. Ọmọ na ọwọ́, Bàbá gbá a.

"Màdáámú, ẹ kọjá. Ọjà àgbà nìyí."

"Èló?"

"Kí lẹ mú wá ná?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan. Ó na ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà lórí Bàbá, ó gbé e lé orí páálí.

"Fìlà? Fìlà àtijọ́ yìí? Kò gbà!"

Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ Bàbá.

"Ẹsẹ̀ kan kẹ̀? Kí ni n ó fi ṣe? Kò gbà!"

Ó bọ́ ìkejì. Nígbà náà ni Victorine, tí wọ́n ti bá sọ ọ́, kígbe láti ìsọ̀ rẹ̀: "Papa, má tà á fún un! Mo fẹ́ ra gbogbo rẹ̀!" Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Ọmọlará ti fi àyà bo àwo ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ìka nu àwo.

Gbogbo Akébé bá di oníbàárà ẹ̀tàn. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ yóò yà, yóò béèrè ẹyin, wọn yóò lé e. Norbert onítakisí yóò tẹ fèrè, yóò yọ orí: "Papa, ẹ̀wà tèmi dà?" Lọ́jọ́ kan, Norbert ṣe é dé ojú àmì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jẹ ẹ̀wà náà ní tòótọ́. Bàbá lé e dé ìsàlẹ̀ òpópónà láìwọ bàtà, nítorí bàtà ti di ti Ọmọlará láàárọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dé mọ́ṣáláṣí láìdé fìlà. Ìmáàmù ní, "Buraimoh, fìlà dà?"

"Ọmọ-ọmọ mi ló fi ra ẹyin."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ mi."

"A jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni fìlà wà nìyẹn."

"Ó tún gbà á padà." Bàbá gbé àyà sókè, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìmáàmù, ó fi ẹkún dú u mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba ẹyin, ó gba fìlà. Ẹ dúpẹ́ bá mi!"

Oṣù pé. Bàbá àti Sìkírátù gbé ọmọ lọ. Léontine ti múra sílẹ̀ de ariwo, ó ti fi ọwọ́ kan di ìbàdí. Àmọ́ Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó ti ara mọ́ ògiri. Irin òṣùwọ̀n lọ síwájú, ó padà díẹ̀, ó tún lọ síwájú. Sìkírátù ti di ojú.

"Kílò mẹ́sàn-án," ni Léontine wí, "ó sì lé díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé."

Sìkírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Léontine yíjú sí Bàbá, ó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Papa, ẹ ò ní ná mi?"

Bàbá sún kúrò lára ògiri. Ó kàn di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú, ó ń jù ú sókè, ó ń jù ú sílẹ̀, títí ìyá tó kàn lórí ìlà fi ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun ríbi kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti àdúgbò Venez-Voir, láti àdúgbò Plaine Orety, kódà àwọn Nàgó tó wá láti Dahomey. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò mu mílíìkì, ìsọ̀ ọlọ́mílíìkì ló ń gbé e wá! Bàbá yóò gbé ọmọ náà sókè, yóò yẹ apá rẹ̀ wò, yóò kọ́ ìyá rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń lọ ẹja, yóò sì di ẹja lílọ̀ sínú bébà fún un. Ó dá wọn lójú pé yóò béèrè owó. Kò béèrè. Bí ìyá kan bá fẹ́ fi agídí san án, inú yóò bí i, yóò ní kó kúrò níwájú ìsọ̀ òun, ó ń dí oníbàárà lọ́wọ́.

Bàbá kú nígbà tí Ọmọlará ti ń lọ sílé ìwé. Ọmọlará ga, ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, títí di òní kò tíì mu mílíìkì.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe àdúà fún Bàbá, àgbàlá kún. Sìkírátù ti se ẹ̀wà, ó ti se ẹja, ó ti se ẹyin, ó ní kí á kó wọn pa mọ́ di ìgbà tí àdúà bá parí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yẹn wá, wọ́n sì kó ọmọ wá. Àwọn ọmọ gbọ́ òórùn oúnjẹ, wọ́n ṣí ìkòkò, kí á tó mọ̀ wọ́n ti bù ú káàkiri, wọ́n jókòó sí ààyè àwọn àlejò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ roboto, wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, a ò gbọ́ ohùn ìmáàmù mọ́. Bàbá àgbà kan dìde láti lé wọn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá," ni Sìkírátù wí. "Gbogbo èrè tí bàbá mi jẹ ní Libreville nìyẹn."

Ọkùnrin náà tún jókòó. Ìmáàmù wo àwọn ọmọ náà títí. Ó sọ ọwọ́ àdúà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí agbádá nu ojú.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun yó ná," ló wí. "A ó dúró."

A sì dúró.